Ẹni Tó Jókòó Nísàlẹ̀ Ẹsẹ̀ Awakọ̀

Mo gbé nǹkan kan wá sí yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ lónìí. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ sí. Ẹ ò lè fojú rí i, torí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu yà á fún yín.

Ẹ na apá ọ̀tún yín. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìgúnpá títí dé ṣóńṣó ìka àárín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni apá bàálù yìí ṣe fẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Láti imú dé ìrù, kò gùn ju rúlà ọmọ iléèwé lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀, tí wọ́n pò mọ́ra bí ẹní pé igbó àti oko ni. Ikùn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná igi. Imú rẹ̀ mọ́ gaara, èèyàn lè yọjú wo inú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló so mọ́ apá rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìrù rẹ̀, pátákó méjì ló dúró ṣánṣán bíi wàláà àwọn ọmọ ilé-kéú. Ẹ bá mi di ọ̀rọ̀ wàláà yẹn mú o, a óò padà sórí rẹ̀.

Halifax ni wọ́n ń pe bàálù náà. Iléeṣẹ́ Handley Page ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe ojúlówó rẹ̀. Ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1939 ni èyí àkọ́kọ́ gbéra nílẹ̀, nígbà tí ogun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ogun Hitler kò tíì pé oṣù méjì. Bàálù ajubọ́ǹbù ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé bọ́ǹbù lóru, kó lọ jù ú sílẹ̀ lórí ìlú ọ̀tá. Èyí tó wà níwájú mi yìí jẹ́ àwòṣe rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn ń kó jọ sórí tábìlì àti inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì káàkiri ayé.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ṣe é ni ìdá kan nínú 72. Kí ni ìyẹn túmọ̀ sí? Ohunkóhun tó bá gùn ní ínṣì 72 lára bàálù gidi, ínṣì kan péré ni lára àwòṣe. Ínṣì 72 ló sì ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gíga ọkùnrin tó ga dáadáa. Ọkùnrin gíga kan di ínṣì kan: ìṣirò tó rọrùn ni. Ní ọdún 1932 ni iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Skybirds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ta àwòṣe bàálù onígi ní ìwọ̀n yìí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ aṣàwòṣe dì mú títí dòní.

Ibì kan wà tí ìṣirò yìí ti máa ń ya èèyàn lẹ́nu, pàápàá ẹ̀yin ọmọ iléèwé tó ń gbọ́ wa. Halifax gidi tó bá ti rọ epo, tó sì ti di ẹrù, wọ̀n ju 24,000 kílógíráàmù lọ. Bí a bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kí àwòṣe rẹ̀ wúwo tó, ṣé ká pín iye yẹn sí ọ̀nà 72 ni? Rárá o. A ti dín gígùn rẹ̀ kù ní ìlọ́po 72, a dín ìbú rẹ̀ kù ní ìlọ́po 72, a sì tún dín gíga rẹ̀ kù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sọ 72 di ìlọ́po 72, kí ẹ tún sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 72. Ẹ óò rí 373,248. Iye tí a óò fi pín in nìyẹn. Ohun tó bá kù lọ́wọ́ wa kò ju nǹkan bíi gíráàmù 66 lọ, ìwúwo ẹyin adìẹ ńlá kan. Bàálù tí ẹrù rẹ̀ ń mú ilẹ̀ mì tìtì wá di ohun tí ọmọdé lè gbé sórí àtẹ́lẹwọ́.

Ojú ẹni tó mọ ìṣirò yìí kì í gba ìgbàkugbà. Bí aṣàwòṣe bá fa ilà síbi tí páànù méjì ti pàdé lára àwòṣe, tí ilà náà sì fẹ̀ tó ìdajì mìlímítà, ẹ rántí pé mìlímítà 36 nìyẹn lára bàálù gidi. Ìka ọwọ́ méjì ló máa wọ inú irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bàálù wo ló máa fò pẹ̀lú irú ihò yẹn? Síbẹ̀, mo ti rí àwòṣe olówó ńlá tí wọ́n gbẹ́ bíi poro ebè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń pe nǹkan yìí ní ohun ìṣeré ọmọdé, ẹ bá mi sọ ìtàn ọdún 1942 fún un. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn bẹ àwọn ọmọ iléèwé girama pé kí wọ́n gbẹ́ àwòṣe bàálù 500,000 fún àwọn. Onígi ni wọ́n, ìdá kan nínú 72 náà ni ìwọ̀n wọn, wọ́n sì kùn wọ́n ní dúdú. Kí ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe? Ayìnbọn tó dúró sórí ọkọ̀ ojú omi kò ní àkókò láti béèrè pé ta ló ń bọ̀. Bí ó bá ṣi bàálù mọ̀, yóò já ti ara wọn lulẹ̀, tàbí kó jẹ́ kí ti ọ̀tá dé orí òun. Torí náà wọ́n so àwòṣe kọ́ sókè yàrá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ogun máa fi ojú dá a mọ̀. Àwòṣe tó bá jìnnà sí ẹ ní mítà 10 rí gẹ́lẹ́ bí ojúlówó tó jìnnà sí ẹ ní mítà 720. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ iléèwé ló kọ́ ojú àwọn ayìnbọn.

Lónìí, Halifax alára nílò àwòṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ. 6,176 ni wọ́n ṣe. Àwọn tó ń bójú tó bọ́ọ̀sì àti rélùwéè ìlú London pàápàá bá wọn dá sí i. Àwọn àti àwọn oníléeṣẹ́ mọ́tò para pọ̀, wọ́n ṣe 710 nínú wọn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ náà sì jẹ́ obìnrin tí kò fọwọ́ kan irin bàálù rí kí ogun tó dé. Nígbà tí ogun parí, ìjọba kò rí ohun tí wọ́n máa fi ọ̀pọ̀ wọn ṣe mọ́. Wọ́n gé wọn wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n yọ́ alumíníọ̀mù ara wọn. Kò sí ẹyọ Halifax kan tó ń fò ní gbogbo ayé lónìí.

Díẹ̀ tó kù ní ìtàn lẹ́nu. Ọ̀kan lọ bá Tirpitz, ọkọ̀ ogun ojú omi Jámánì, jà ní Nọ́wè ní ọdún 1942, wọ́n yìnbọn fún un, awakọ̀ rẹ̀ sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí yìnyín tó dì bo adágún omi. Yìnyín yọ́, bàálù rì. Ọdún 1973 ni wọ́n tó fà á jáde, ó sì di ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé RAF, ìyẹn àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní London. Òmíràn jábọ́ sínú adágún Mjøsa ní Nọ́wè kan náà ní oṣù kẹrin ọdún 1945, nígbà tí ogun ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó parí. Ọdún 1995 ni wọ́n fà á jáde, àwọn ará Kánádà sì gbé e lọ sí Trenton, wọ́n tún un ṣe títí ó fi pé. Ẹ̀kẹta wà ní Elvington, ní Yorkshire. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni àgbá ara Halifax kan tí àgbẹ̀ kan ní erékùṣù Lewis ní Skọ́tílándì ti sọ di ilé adìẹ. Adìẹ ń yé sínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ adìẹ, wọ́n wá ẹ̀yà yòókù síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n sì dá a padà di odidi bàálù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní London, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dé Green Park. Ìrántí àwọn ọmọ ogun Bomber Command, ẹ̀ka RAF tó ń fò nínú bàálù ajubọ́ǹbù, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012 wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dúró ti àwọn ère ọkùnrin méje tó wà láàárín rẹ̀, kí wọ́n gbójú sókè wo àjà. Alumíníọ̀mù tó wà níbẹ̀, láti ara Halifax kan tó jábọ́ ní Bẹ́ljíọ̀mù ní oṣù karùn-ún ọdún 1944 ni wọ́n ti mú un.

Ó tó kí n padà sórí wàláà méjì tí mo ní kí ẹ di mú.

Ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra àwòṣe Halifax kan tí wọ́n ti ṣe tán. Onírin ni, ó wúwo lọ́wọ́ dáadáa. Àpótí rẹ̀ rẹwà, ìwé ẹ̀rí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé Mark III, ẹ̀dà kẹta Halifax, ni. Owó kékeré kọ́ ni mo san. Mo ṣí i lálẹ́ ọjọ́ tó dé, mo gbé e sábẹ́ iná. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pé: Hercules olójú roboto tó yẹ Mark III ni. Ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀! Pátákó ìrù onígun mẹ́ta ni wọ́n fi sí i. Mark III tó lọ sójú ogun kò ní irú ìrù bẹ́ẹ̀, ti àwọn Halifax ìṣáájú ni. Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Èsì rẹ̀ ni pé ohun kékeré lèmi ń wò, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Nínú àwọn Halifax ìṣáájú, pátákó onígun mẹ́ta ló wà ní ìrù, apá tó ń yí, tí awakọ̀ fi ń darí bàálù sọ́tùn-ún sósì, sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dálì, apá náà á yí. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ní ẹ̀gbẹ́ kan, yálà ìbọn ló bà á tàbí ó dédé kú, bàálù á fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ yẹn. Awakọ̀ á tẹ pẹ́dálì gidigidi láti dá a padà. Bí eré bàálù bá ti lọ sílẹ̀ jù nígbà náà, tí ó sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn, afẹ́fẹ́ á gbá apá tó ń yí náà dé òpin, á sì dì í mú síbẹ̀. Ẹ wo ìlẹ̀kùn tí ìjì gbá mọ́ ara ògiri, tí ẹ ń fà, tí kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí, àmọ́ ẹni tó ń fa ìlẹ̀kùn tiyín dúró sórí ilẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ èèyàn kan kì í tó láti dá a padà. Bàálù á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa pòòyì bọ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méje nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kú bẹ́ẹ̀, láìsí ọ̀tá tó yìnbọn pa wọ́n lójú ọ̀run.

Àyẹ̀wò pẹ́ kí wọ́n tó mọ ibi tí àrùn wà. Ní ọdún 1943, wọ́n yọ pátákó onígun mẹ́ta, wọ́n fi onígun mẹ́rin tó fẹ̀ dáadáa rọ́pò rẹ̀, àìsàn náà sì lọ. Wàláà méjì ìrù àwòṣe yìí ló ń sọ ìtàn yẹn. Ẹ̀mí èèyàn ni wọ́n fi ra ìyàtọ̀ tó wà láàárín igun mẹ́ta àti igun mẹ́rin. Ẹni tó bá ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ó ti pa ẹ̀rí rẹ́.

Mo dá àwòṣe onírin yẹn padà fún ẹni tó tà á fún mi. Mo ra oníke tí wọ́n kó ẹ̀yà rẹ̀ sínú páálí, mo sì fọwọ́ ara mi tò ó. Oṣù mẹ́rin ló gbà mí. Òun ló wà níwájú mi yìí.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀. Èèyàn méje ló ń lọ nínú Halifax. Ẹni tó ń fojú sun ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí, inú imú gíláàsì ló wà, ó máa ń dojú bolẹ̀. Afọ̀nàhàn pẹ̀lú máàpù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó wáyàlẹ́ẹ̀sì ló tẹ̀ lé e, ìjókòó rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an. Awakọ̀ wà lókè orí rẹ̀. Ẹ́ńjíníà wà lẹ́yìn awakọ̀. Ayìnbọn kan wà lórí ẹ̀yìn bàálù nínú ilé gíláàsì tó ń yí po, èkejì sì dá wà ní ìdí ìrù, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó dojú kọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ní abúlé Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire, níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú tó ń jẹ́ 76 Squadron wà nígbà ogun, ọmọ Nàìjíríà kan wà nínú irú bàálù yìí. Akin Shenbanjo ni orúkọ rẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa: ọmọ wa ni. Iṣẹ́ wáyàlẹ́ẹ̀sì ló ń ṣe. Àwọn tí wọ́n jọ ń fò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ débi pé wọ́n fi orúkọ tí wọ́n fún un pe bàálù wọn, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀: “Achtung! The Black Prince”. Ọ̀rọ̀ Jámánì ni àkọ́kọ́, ìkìlọ̀ ni, bí ẹní ń sọ pé ẹ ṣọ́ra yín. Ìyókù ń sọ pé ọmọ ọba aláwọ̀ dúdú ń bọ̀. Wọ́n fún Shenbanjo ní àmì ẹ̀yẹ DFC, èyí tí wọ́n máa ń fún ọ́físà tó bá fi akin hàn lójú òfuurufú nígbà náà.

Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó, ẹ gbọ́ èyí. Títí di oṣù kẹwàá ọdún 1939, ìlànà ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ẹni tí ìyá àti bàbá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ló lè di ọ́físà. Ogun ló ṣí ilẹ̀kùn. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ wọlé láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ó di awakọ̀ bàálù, ó sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà ní ọdún 1945. Bankole Vivour náà lọ. Inú bàálù Lancaster, tó jẹ́ ọ̀gbà Halifax, ni tirẹ̀, ní 156 Squadron. Ọdún 1944 lòun kú, ilẹ̀ òkèèrè ló sì sùn sí. Mo ti bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé wa léèrè orúkọ mẹ́ta yìí nígbà púpọ̀. Ẹyọ ọwọ́ kan kì í nà sókè, ó sì ń bà mí nínú jẹ́.

Nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú 125,000 tó fò pẹ̀lú Bomber Command, 55,573 ló kú. Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti ìsàlẹ̀, nítorí àwòṣe kì í fi ìsàlẹ̀ hàn wá. Ní ìparí oṣù keje ọdún 1943, Halifax àti àwọn bàálù ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Hamburg ní Jámánì lóru lẹ́yìn òru. Iná tí wọ́n dá sílẹ̀ di ìjì, ó ń fa afẹ́fẹ́ àdúgbò mọ́ra. Ó lé ní 30,000 èèyàn tó kú, ìyá àti ọmọ, àgbàlagbà tó sá sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun ilẹ̀kùn ibi tí bọ́ǹbù ti ń bọ́ jáde, ọwọ́ mi dúró. Mo fi í sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Fún ẹ̀yin tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kó irú nǹkan yìí jọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Onígi wà: ní Philippines, ní ìlú Angeles lẹ́bàá ibùdó òfuurufú tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò tẹ́lẹ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń gbẹ́ ẹ láti ara igi tó jẹ́ ọ̀gbà ọ̀gánwó tiwa. Ọwọ́ wọn máa ń rán mi létí Justus Akeredolu ará Ọ̀wọ̀, tó fi ẹ̀gún igi lásán gbẹ́ èèyàn àti iṣẹ́ òòjọ́ wọn ní kékeré. Onírin wà: síńkì ni wọ́n sábà máa ń yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù. Bí òjé bá ti kó sínú síńkì náà, irin yẹn á máa ya láti inú wá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, títí á fi fọ́ bíi bísíkíìtì, kò sì sí oògùn rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àwòṣe àtijọ́ fínnífínní kí ẹ tó sanwó. Oníke sì nìyí, oòrùn ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e síbi fèrèsé. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ má fi aṣọ nù ún, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun àtíkè ni kí ẹ fi gbá eruku rẹ̀, torí pé wáyà tó wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀ tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn.

Ọ̀nà méjì ni ara bàálù oníke pín sí, ti ọ̀tún àti ti òsì, bí ẹ̀pà tí a là. Kí èèyàn tó lẹ̀ wọ́n pọ̀ ló gbọ́dọ̀ parí gbogbo ohun tó bá fẹ́ ṣe nínú. Nínú páálí tí mo rà, ère awakọ̀ wà níbẹ̀. Ibi wáyàlẹ́ẹ̀sì ṣófo.

Mo wá ère ọkùnrin kan níbòmíràn, gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 ààbọ̀ lọ. Mo fi omi gbígbóná rọ orúnkún rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ jókòó. Mo po ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ dúdú díẹ̀, mo ń wo ẹ̀yìn ọwọ́ ara mi bí mo ṣe ń pò ó, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kùn ún lójú. Mo ṣe ìgbọ́hùn sí etí rẹ̀ méjèèjì. Mo wá gbé e jókòó sáyè rẹ̀, nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ awakọ̀, mo fi gúlúù kán an níbi ìdí, mo dúró kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo pa ara bàálù náà dé.

Bí ẹ bá ń wò ó láti òde, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní tọ́ọ̀ṣì kékeré kan lọ́wọ́ báyìí. Mo ń tàn án sí imú gíláàsì yìí, mo ń tẹ àwòṣe náà síwájú díẹ̀díẹ̀... Ó wà níbẹ̀. Mo rí ejìká rẹ̀ kan, àti ìgbọ́hùn etí rẹ̀.